Fóònù Linux: Ti Carlsbad, Ti Ṣáínà Tàbí Ti Jámánì, Èwo Ni Kí Ẹ Rà?

Purism, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tí Todd Weaver dá sílẹ̀ ní 2014, ń ta fóònù méjì tí ojú lásán kò lè yà sọ́tọ̀. Ojú wọn dọ́gba, ọpọlọ kan náà ló wà nínú wọn, ètò kan náà ló sì ń darí wọn, irú Linux kan, ètò ìdarí kọ̀ǹpútà tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba. Ọ̀kan ń lọ ní 799 dọ́là. Èkejì ń lọ ní nǹkan bí 2,000 dọ́là. Librem 5 ni èyí tó dínwó. Liberty Phone ni èyí tó wọ́n, òun ló sì tẹ̀lé Librem 5 USA tí wọ́n kéde ní oṣù Kejìlá 2019. Ohun tó pọ̀ jù nínú ìyàtọ̀ wọn ni ibi tí wọ́n ti to páńẹ́lì, pátákó inú fóònù tí ẹ̀yà iná wà lórí rẹ̀: ti àkọ́kọ́ ní Ṣáínà, ti èkejì ní Carlsbad, ní ìpínlẹ̀ California.

Láti oṣù Kẹrin 2025, nígbà tí Trump fi owó orí ńlá lé ọjà tó ń wọ Amẹ́ríkà, ni àwọn ènìyàn ti ń béèrè bóyá ó ṣeé ṣe rárá láti ṣe fóònù nílẹ̀ Amẹ́ríkà, Liberty Phone sì ni wọ́n máa ń nawọ́ sí. Ẹni tó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Google àti Apple ni mò ń kọ èyí fún, pàápàá ẹni tó ń rò ó pé bóyá kí òun kúkú fi owó gọbọi lé e, kí fóònù òun má kan Ṣáínà.

Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń tà fún yín níhìn-ín. Ọ̀kan ni òmìnira: pé ẹ lè mọ ohun tí fóònù yín ń ṣe, kí ẹ sì yí i padà bó bá ṣe wù yín. Èkejì ni ìdánilójú nípa ọwọ́ tó kan páńẹ́lì kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ti àkọ́kọ́ wà nínú PinePhone, fóònù Linux 199 dọ́là. Ti èkejì ni 2,000 dọ́là ń rà. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ á sanwó púpọ̀ fún ohun tí kò wá.

Ohun tó mú wọn yàtọ̀ sí fóònù tó wà lọ́wọ́ yín

PureOS ló ń darí fóònù Purism méjèèjì. Debian, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà Linux, ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, Free Software Foundation, ẹgbẹ́ tó ń jà fún òmìnira kóòdù, sì fọwọ́ sí i ní oṣù Kejìlá 2017. Ẹnikẹ́ni lè ka kóòdù rẹ̀, kó tún un ṣe, kó sì pín in fún ẹlòmíràn láì tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnì kankan. Linux wà nísàlẹ̀ Android náà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó ta fóònù Android fún yín ló ń pinnu ìgbà tí àtúnṣe yóò dópin. Linux gbogbogbòò, èyí tí àwọn tó ń kọ́ ọ kárí ayé ń bójú tó, ti mọ Librem 5. Bí Purism bá kógbá wọlé lọ́la, fóònù náà kò ní di òkú: Mobian àti postmarketOS, ètò Linux méjì mìíràn, ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀.

Súwìṣì ni mo fẹ́ràn jù. Mẹ́ta ló tò sí ẹ̀gbẹ́ fóònù: ọ̀kan fún Wi-Fi àti Bluetooth, ọ̀kan fún módẹ́mù (ẹ̀yà tó ń so fóònù mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì), ọ̀kan fún kámẹ́rà àti gbohùngbohùn. Wọn kì í bẹ ètò kankan pé kó jọ̀ọ́ dákẹ́. Iná gan-an ni wọ́n ń gé. Bí ẹ bá pa ti módẹ́mù, orúkọ rẹ̀ á pòórá nínú àkójọ ohun tí Linux rí lórí USB, àfi bí ẹni pé ẹ yọ ọ́ jáde. Bí ẹ bá tan án padà, ẹ ó ní sùúrù díẹ̀ kó tó tún rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí ẹ bá pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, GPS àti àwọn ohun tó ń mọ bí fóònù ṣe ń yí àti bó ṣe ń mì náà á kú. Ẹ fi èyí wé àmì ọkọ̀ òfuurufú tí a ń tẹ̀ lórí Android: ètò la bẹ̀ níbẹ̀, a sì gbà pé ó gbọ́.

Módẹ́mù náà dá dúró. Nínú ọ̀pọ̀ fóònù, inú ọpọlọ kan náà ni módẹ́mù ń gbé pẹ̀lú gbogbo nǹkan yòókù. Nínú Librem 5, káàdì kékeré ni, tí a fi sínú ihò tirẹ̀, tí ó ń bá ọpọlọ sọ̀rọ̀ lórí USB, tí a sì lè fi tọọnafíìsì yọ. Ìdí tó fi ṣe pàtàkì ni pé kóòdù inú módẹ́mù kò sí ní gbangba, ì báà jẹ́ ti Carlsbad tàbí ti Ṣáínà. Kò sí ilé-iṣẹ́ Linux kankan tó tíì bọ́ nínú èyí. Ohun tí wọ́n lè ṣe ni pé kí wọ́n gbé e sí yàrá ọ̀tọ̀ kí wọ́n sì fún yín ní kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn.

Mẹ́ta lórí tábìlì kan náà

| | Librem 5 | Liberty Phone | PinePhone |
|---|---|---|---|
| Iye owó | 799 dọ́là | nǹkan bí 2,000 dọ́là | 149 sí 199 dọ́là |
| Ibi tí wọ́n ti to páńẹ́lì | Ṣáínà | Carlsbad | Ṣáínà |
| Ọpọlọ | NXP i.MX 8M Quad | NXP i.MX 8M Quad | Allwinner A64 |
| Rámù | 3 GB | 4 GB | 2 tàbí 3 GB |
| Àyè ìpamọ́ | 32 GB | 128 GB | 16 tàbí 32 GB |
| Bátìrì | 4,500 mAh, ó ṣeé yọ | 4,500 mAh, ó ṣeé yọ | nǹkan bí 3,000 mAh, ó ṣeé yọ |
| Súwìṣì | 3, ní ẹ̀gbẹ́ | 3, ní ẹ̀gbẹ́ | 6, lábẹ́ ìdérí ẹ̀yìn |

PinePhone ni ti ilé-iṣẹ́ Pine64, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 2020. Súwìṣì mẹ́fà tirẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ ó fi nílò ẹnu báírò láti sún wọn, ẹ ó sì ṣí ẹ̀yìn fóònù kí ẹ tó rí wọn. Kì í ṣe ohun téèyàn á máa ṣe nínú bọ́ọ̀sì. Ó lọ́ra ju Librem 5 lọ, Librem 5 alára kò sì yára: ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ Cortex-A53 mẹ́rin, èyí tí fóònù olówó pọ́ọ́kú ti ń lò láti ọdún pípẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó hàn lójú PinePhone bí ẹ bá tan án. Ọ̀pọ̀ ló ń lo Phosh níbẹ̀, ìyẹn ètò tó ń fi áàpù àti bọ́tìnnì hàn lójú fóònù. Purism ló sanwó fún àwọn tó kọ Phosh nítorí Librem 5, wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Àtìgbà tí wọ́n ti kó owó jọ lọ́wọ́ ará ìlú ní 2017, nígbà tí wọ́n ní àwọn ń wá mílíọ̀nù kan àbọ̀ dọ́là tí owó tó wọlé sì ju mílíọ̀nù méjì lọ, ni apá kan nínú owó náà ti ń bá iṣẹ́ kóòdù lọ. Nítorí náà ẹni tó ra PinePhone ń jẹ nínú ohun tí ẹni tó ra Librem 5 san. Èmi kò rí i bí ìrẹ́jẹ. Bó ṣe yẹ kí iṣẹ́ kóòdù gbangba rí nìyẹn, ó sì yẹ kí ẹni tó ní agbára mọ̀ pé apá kan nínú 799 dọ́là òun ń lọ síbẹ̀.

Ẹ tún rántí pé nígbà ìkówójọ yẹn, 599 dọ́là ni wọ́n pè é, wọ́n sì ṣèlérí oṣù Kìíní 2019. Oṣù Kọkànlá 2020 ni èyí tí wọ́n ṣe lọ́pọ̀, tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Evergreen, ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró pẹ́ ju ìyẹn lọ.

Níbo ni 1,200 dọ́là yẹn ń lọ?

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń sọ ni pé owó oṣù òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà ló mú fóònù wọn wọ́n. Weaver fúnra rẹ̀ sọ ohun tó ta ko èyí fún ilé ìròyìn 404 Media ní oṣù Kẹrin 2025: ṣíṣe Librem 5 ní Ṣáínà ń ná wọn ní nǹkan bí 550 dọ́là, ṣíṣe Liberty Phone ń ná wọn ní nǹkan bí 650. Ọgọ́rùn-ún dọ́là péré ló wà láàárín wọn.

Kò yẹ kó yani lẹ́nu bí a bá mọ bí wọ́n ṣe ń to páńẹ́lì. Pátákó tí wọ́n ti fi bàbà la ọ̀nà iná sí lára á wọnú ẹ̀rọ. Wọ́n á gbé abala irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ní ihò tíntìntín lé e, ẹ̀rọ á sì fi lẹ́ẹ̀dì rírọ̀ (ohun tí a fi ń lẹ ẹ̀yà iná mọ́ra) tó dà bí ọṣẹ ìfọyín pa á lójú, kó lè jẹ́ kìkì ibi tí ihò wà ni lẹ́ẹ̀dì yóò kù sí. Ẹ̀rọ kejì á máa fi ẹnu fa ẹ̀yà láti ara rọ́ọ̀lù, òmíràn nínú wọn kò gùn tó mìlímítà kan, á sì máa gbé wọn kalẹ̀ sórí lẹ́ẹ̀dì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kíákíá kíákíá. Lẹ́yìn náà ni páńẹ́lì á gba inú ààrò gígùn kọjá, níbi tí ooru ti ju 200 dígírì Celsius lọ, tí lẹ́ẹ̀dì á yọ́, tí yóò sì gbá gbogbo rẹ̀ mú bó bá ti tutù. Kámẹ́rà á yẹ̀ ẹ́ wò. X-ray á wo abẹ́ ọpọlọ, nítorí pé ibẹ̀ ni lẹ́ẹ̀dì tó so ó mọ́ páńẹ́lì wà, ojú kò sì lè dé ibẹ̀.

Ọwọ́ ènìyàn mélòó lẹ rí níbẹ̀? Ẹ̀rọ ló ń ṣe é ní Carlsbad, ẹ̀rọ náà ló ń ṣe é ní Shenzhen, ní Ṣáínà. Ohun tí Shenzhen ní tí Carlsbad kò ní ni aládùúgbò. Bí ẹ̀yà kan bá tán tàbí tó bàjẹ́ lọ́sàn-án, ẹni tó wà ní Shenzhen lè rí i ní ọjà Huaqiangbei kílẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ẹni tó wà ní California á kọ̀wé, á dúró, á san owó ọkọ̀ òfuurufú. Àwọn ẹ̀yà kan wà tí Éṣíà nìkan ló ń ṣe wọn. Ìmọ̀ náà ti ṣí lọ: ẹni tó mọ bí a ṣe ń tò ó, tó mọ bí a ṣe ń wá ìdí tí ẹgbẹ̀rún páńẹ́lì fi jáde tí ogójì kò sì tan, ó pọ̀ ní Shenzhen ju Amẹ́ríkà lọ.

Ibi tí 1,100 dọ́là tó kù ń lọ, èrò tèmi ni pé iye fóònù tí wọ́n ń ṣe kéré, owó ilé àti ẹ̀rọ sì ní láti bọ́ lórí ìwọ̀nba díẹ̀ yẹn. Àti pé ìjọba pẹ̀lú àwọn tó ń bójú tó ààbò ni wọ́n ń fojú sùn, àwọn yẹn kì í sì í nájà bí ẹni tó ń ra fóònù fún ọmọ rẹ̀. Ìdánilójú ni wọ́n ń rà, wọ́n sì ń san iye tó tó bẹ́ẹ̀ lórí rẹ̀.

Motorola ti dán irú rẹ̀ wò rí. Ní 2013 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Moto X ní Fort Worth, ní Texas, fóònù Android lásán, iye ọjà lásán. Ọdún tó tẹ̀lé e ni wọ́n ti ilé-iṣẹ́ náà pa. Fóònù náà kò tà tó, kò sì sí ẹni tó fẹ́ san àlékún nítorí Texas.

"Made in USA" kò fi bẹ́ẹ̀ rọrùn

Federal Trade Commission, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó òwò, ní òfin lórí gbólóhùn yẹn, pé Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe ọjà: kí ẹnikẹ́ni tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọjà láì ṣàlàyé, gbogbo ọjà náà, tàbí èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀, gbọ́dọ̀ jẹ́ ti Amẹ́ríkà. Ìdí nìyẹn tí Purism fi ń kọ ọ́ pé ẹ̀yà iná fóònù náà ni wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tí wọn kì í sọ pé gbogbo rẹ̀. Àpótí tó wà lára rẹ̀ wá láti Ṣáínà. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn lórí èyí, pé wọ́n sọ ọ́ bó ṣe rí. Nígbà tí wọ́n kéde T1 ti Trump Mobile ní oṣù Kẹfà 2025, 499 dọ́là ni wọ́n pè é, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà pé Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é. Kò pẹ́ tí gbólóhùn náà fi kúrò lórí ìkànnì wọn.

Bí ẹ bá rí fóònù tí owó rẹ̀ kéré tí wọ́n ní gbogbo rẹ̀ jẹ́ ti Amẹ́ríkà, ẹ béèrè ìbéèrè mẹ́ta: níbo ni wọ́n ti to páńẹ́lì, níbo ni wọ́n ti ṣe ojú àti bátìrì, níbo ni wọ́n ti dè é pọ̀. Ẹni tó ń sọ òtítọ́ á dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìfi àkókò ṣòfò.

Ti Jámánì ńkọ́?

Gigaset, tí a mọ̀ sí fóònù inú ilé aláìlókùn, bẹ̀rẹ̀ sí í to fóònù ìgbàlódé ní Bocholt ní 2018 pẹ̀lú GS185. Volla, ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Remscheid, gbé iṣẹ́ fóònù tirẹ̀ fún wọn. Ẹni tó bá ra Volla lè yan Ubuntu Touch, ètò Linux fún fóònù tí ilé-iṣẹ́ Canonical bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n pa tì ní 2017, tí àwọn olùfẹ́ rẹ̀ ní UBports sì gbé ró títí dòní.

Owó rẹ̀ kò sún mọ́ 2,000 rárá. Ìdí ni pé ilé-iṣẹ́ náà ti wà ní Bocholt tipẹ́ kí fóònù ìgbàlódé tó dé, wọ́n ti ní ẹ̀rọ àti òṣìṣẹ́, ọ̀pọ̀ ẹ̀yà sì ń wá láti Éṣíà kí wọ́n tó dè é pọ̀. Carlsbad ń to páńẹ́lì. Ìdèpọ̀ ni iṣẹ́ Bocholt. Àwọn méjèèjì lè sọ pé ilé làwọn ti ṣe é, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò rí bákan náà.

Ohun tí ẹ ó pàdánù lọ́dọ̀ Volla ni pé ọpọlọ MediaTek ló ń lò, Ubuntu Touch sì ń gba orí kóòdù Android kọjá kó tó lè bá kámẹ́rà àti módẹ́mù sọ̀rọ̀. Ẹ kò dá dúró tó bí ẹ ṣe máa dá dúró lórí Librem 5, kò sì sí súwìṣì tó ń gé iná. Ohun tí ẹ ó jèrè ni fóònù tó fúyẹ́, tó yá, tí kámẹ́rà rẹ̀ ṣeé lò. Gigaset wọ gbèsè ní oṣù Kẹsàn-án 2023, ilé-iṣẹ́ VTech ló wá gba iṣẹ́ fóònù inú ilé wọn ní 2024; nítorí náà kí ẹ tó ra Volla èyíkéyìí, ẹ wò ó bóyá Bocholt ni wọ́n ṣì ti ń ṣe irú èyí tí ẹ fẹ́.

Bó ṣe máa rí ní ojoojúmọ́

Librem 5 nípọn ju mìlímítà 15 lọ, ó sì wúwo tó gíráàmù 260. Ẹ ó mọ̀ pé ó wà lápò. Bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́ lójú ẹni tó ń lò ó gidigidi, torí náà ẹ ra èkejì kí ẹ sì máa gbé e dání. Ó kúkú ṣeé pààrọ̀. Ẹni tó ń ya àwòrán lọ́pọ̀ kò ní gbádùn kámẹ́rà rẹ̀.

Fún àwa, WhatsApp ni ibi tí ìnira pọ̀ sí jù. Ìyá wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ ìlú wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń kéde ìsìnkú sí. Waydroid máa ń jẹ́ kí áàpù Android ṣiṣẹ́ lórí Linux, WhatsApp sì lè gba ibẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n ó ń jẹ rámù, 3 GB kò sì pọ̀. Áàpù báńkì le ju ìyẹn lọ: púpọ̀ nínú wọn máa ń wò ó bóyá Google ti fọwọ́ sí fóònù kí wọ́n tó ṣí, ti Waydroid kò sì ní kọjá níbẹ̀. Ẹ fi fóònù Android kan sílé fún báńkì. Ẹni tó bá sọ fún yín pé fóònù Linux kan ṣoṣo yóò tó, ohun tó ń lò fóònù fún kò pọ̀ ni.

Ẹni tó ń ti Amẹ́ríkà lọ sí Nàìjíríà gbọ́dọ̀ fiyè sí módẹ́mù. Káàdì tí Purism ń fi sínú fóònù fún Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí ti Yúróòpù, nítorí pé ìgbì tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn ń lò kò dọ́gba. Nàìjíríà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yúróòpù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá gbé káàdì ti Amẹ́ríkà dé Ìbàdàn lè má rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáadáa. Ẹ ra káàdì ti Yúróòpù sí i, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ fúnra yín. Ní Amẹ́ríkà alára, AT&T pa 3G rẹ̀ ní oṣù Kejì 2022, T-Mobile náà tẹ̀lé e lọ́dún kan náà; ìpè gbọ́dọ̀ gba orí VoLTE (ìpè orí 4G), torí náà ẹ rí i dájú pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín gba módẹ́mù náà láàyè kí ẹ tó sanwó.

Ohun tó dùn jù nínú rẹ̀ ni pé bí ẹ bá fi okùn USB-C so ó mọ́ ojú kọ̀ǹpútà àti kíbọ́ọ̀dù, áàpù inú fóònù á tú sílẹ̀ lójú ńlá, ẹ ó sì máa kọ lẹ́tà, ka PDF, ṣí terminal (ojú tí a ń kọ àṣẹ sí) bí ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ Linux yóò fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yẹ fún

Bí olè àti àwọn tó ń já wọ inú fóònù lẹ ń bẹ̀rù, èmi kò ní tà yín ní ìkankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Google Pixel tí wọ́n fi GrapheneOS, irú Android tí wọ́n mú ààbò rẹ̀ le sí i, sí ló dára jù níbẹ̀, nítorí pé ó ń ya áàpù kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ dáadáa. Linux orí fóònù kò tíì dé ibẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ kọ́ṣẹ́, tó fẹ́ràn láti tú nǹkan wò, tí kò sì ní fi fóònù náà ṣe òwò, kó ra PinePhone. Ẹni tó fẹ́ fóònù tó ṣeé gbé jáde, tó ń gbé ní Yúróòpù, tí kò sì béèrè fún súwìṣì, kó wo Volla.

Librem 5 ti Ṣáínà ni mo máa fún ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, àwọn tó fẹ́ òmìnira tọkàntọkàn tí wọ́n sì lè fara da ìnira rẹ̀. Purism ti gbé àwòrán páńẹ́lì rẹ̀ síta lábẹ́ GPLv3, ìwé àṣẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè lò ó kó sì tún un ṣe. Ẹ̀ńjìníà tó bá fura lè ṣí fóònù, kó fi páńẹ́lì wé àwòrán, kó sì rí i bí nǹkan àjèjì bá wà níbẹ̀. Ìyẹn kò dọ́gba pẹ̀lú Carlsbad, nítorí pé kò lè wo inú ọpọlọ, ṣùgbọ́n Carlsbad náà kò lè wo inú ọpọlọ.

Liberty Phone wà fún ẹni tí ọ̀tá rẹ̀ lágbára débi pé ó lè dá ọjà dúró lójú ọ̀nà kó sì fi ọwọ́ kàn án: akọ̀ròyìn tó ń tú àṣírí ìjọba, agbẹjọ́rò tí ẹjọ́ rẹ̀ kan orílẹ̀-èdè méjì, ọ́fíìsì ìjọba tí òfin ní kí wọ́n má ra ẹ̀yà iná tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà. Bí ẹ bá wà nínú wọn, ẹ ra á, kí ẹ sì sọ fún Purism pé ẹ fẹ́ ìdìpọ̀ pàtàkì tí wọ́n ń fún ẹni tó ń bẹ̀rù pé wọ́n á tú ẹrù òun lójú ọ̀nà. Bí ẹ kò bá sí nínú wọn, ẹ fi 1,200 dọ́là yẹn ra Librem 5 mìíràn fún ẹni tó lè kọ áàpù fún un lédè Yorùbá. Kò tíì sí èyí tó pọ̀ níbẹ̀.